Ọwọ́ Tó Wà Lábẹ́ Ìkùukùu

Àwọn tó fẹ́ tún ìwé yìí tẹ̀ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Wọ́n ní kó dùn, kí n sọ bí nǹkan ṣe rí ní ọ́fíìsì wa ní New York láyé ọjọ́un, bí a ṣe ń mu kọfí, tí a ń fa sìgá, tí a ń pa ara wa lẹ́rìn-ín, títí a fi bí Òòfà àti Àwòdì Fàdákà, tọkọtaya tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ìwé àwòrán mọ̀. Mo ti kọ irú ọ̀rọ̀ ìṣáájú bẹ́ẹ̀ rí, mo ti kọ ọ́ débi pé mo lè máa sùn kí n máa kọ ọ́ lọ. Mi ò kọ ọ́ mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́, rọ́bà tín-ín-rín kan wà nínú ihò imú mi tó ń fún mi ní afẹ́fẹ́, dókítà tó ń tọ́jú mi kì í sì í wo ojú mi mọ́ tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Èmi Milton Drozd, tí mo jẹ́ olóòtú àti òǹkọ̀wé ìwé yìí, mo pa irọ́ sínú rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀bi irọ́ náà láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, nígbà tí mo ṣì ní èémí tí mo lè fi sọ ọ́.

Ẹ ní láti mọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín. Àwọn èèyàn rò pé òǹkọ̀wé á kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán kí ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀. Ní tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tó wà lọ́rùn mi pọ̀, àkókò kò sí. Màá pe ayàwòrán lórí tẹlifóònù, màá sọ ìtàn náà fún un ní ṣókí, òun á lọ yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á gbé e wá, ìgbà náà ni màá wá wo àwòrán tí màá sì kọ ohun tí kálukú ń sọ. Ayàwòrán ló ń ṣe ara wọn àti ojú wọn. Èmi ni mò ń ṣe ẹnu wọn. Lẹ́yìn èyí, Gus Marchetti, tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ ní gbogbo ìlú náà, á fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ mi sínú àpò funfun lókè orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, etí àpò náà á dán, ìrù kan á sì tọ́ka sí ẹnu ẹni tó sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ohun tí ẹni náà ń rò lọ́kàn, etí rẹ̀ á rí wúruwùru bí ìkùukùu. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì yìí ni mo fi ṣe iṣẹ́ ibi mi.

Corinne Haldane ló ya Òòfà àti Àwòdì Fàdákà. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun àti ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá ló jọ ń gbé ní Queens, ó sì máa ń gbé àwòrán rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin bí ẹni gbé ọmọ tuntun jòjòló. Òun nìkan ni obìnrin láàrin àwọn ayàwòrán wa. Àwa ọkùnrin máa ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, òun á sì wò wá bí ìgbà tí èèyàn ń wo òjò látojú fèrèsé. Àwòdì Fàdákà, òun ló dá a sílẹ̀: obìnrin tó ń fò kọjá orí òkè, tí kì í gba ìránù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo dá Òòfà sílẹ̀. Ara Òòfà máa ń fa nǹkan. Irin ló kọ́kọ́ ń fà, ọkọ̀, ìbọn, ilẹ̀kùn báńkì. Nígbà tí irin sú àwọn ọmọ tó ń ra ìwé wa, mo ní kó máa fa èèyàn. Ẹni tó bá ti sún mọ́ ọn, ọkàn rẹ̀ á fà sí i, yálà ó fẹ́ tàbí kò fẹ́. Mo rò pé mo gbọ́n gan-an ni. Mo pe Corinne ní ọjọ́ Ajé kan.

"Corinne, oṣù yìí, Òòfà àti Àwòdì gbọ́dọ̀ fẹ́ra wọn. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó gbá a mọ́ra, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó parí."

"Ṣé Àwòdì ló fẹ́ ẹ ni, àbí agbára ọkùnrin yẹn ló ń fà á?"

"Kí ni ìyàtọ̀ níbẹ̀?"

"Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ o, Milton. Àwòdì tí mo mọ̀ yìí kàn ṣàdédé rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n kì bọ tíì?"

"Agbára ni, ṣebí o mọ̀."

"Tó bá jẹ́ agbára ni, kì í ṣe ìfẹ́ nìyẹn."

"Ìwọ sáà yà á. A ó fi ọ̀rọ̀ tún un ṣe."

Ohun tí a máa ń sọ ní ọ́fíìsì wa nìyẹn nípa ohun gbogbo. Bí ayàwòrán bá gbàgbé ìbọn, a ó fi ọ̀rọ̀ tún un ṣe. Bí ẹni tó kú lóṣù tó kọjá bá tún yọjú, a ó fi ọ̀rọ̀ tún un ṣe. Ó ti mọ́ wa lára débi pé mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ mọ́.

Corinne gbé àwòrán náà wá ní Ọjọ́bọ̀, ó tò ó sórí tábìlì mi, ó sì fi ojú ewé tó gbẹ̀yìn sókè. Mo ti rí àwòrán tó pọ̀ láyé mi, mi ò tíì rí èyí tó dà bíi rẹ̀. Òòfà ti na ọwọ́ gbá Àwòdì mọ́ra. Ẹsẹ̀ Àwòdì fà sí i, ara rẹ̀ tẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ti yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú náà là kedere bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí ibùsùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà láyà ọkùnrin náà, ó ń tì í dànù, gbogbo ìka rẹ̀ yà síra wọn.

"Agbára náà mú ẹsẹ̀ rẹ̀," ni Corinne wí, "kò mú òun fúnra rẹ̀. Ó ń jí níbẹ̀ yẹn. Rárá ló ń sọ. Lóṣù tó ń bọ̀, kí Òòfà mọ ohun tó ṣe. Kó kó lọ síbi tó jìnnà sí èèyàn títí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń pa agbára náà bí ẹni pa iná."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? Òun náà kò mọ̀ọ́mọ̀. Kò lè pa á."

"Tí kò bá lè pa á, kó dúró lókèèrè."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dáa, rárá ni màá kọ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ wo ìyá rẹ̀. Gus kọ "RÁRÁ! FI MÍ SÍLẸ̀!" sínú àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọmọ náà, ó sì bá a mu gan-an.

Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá dára. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn atẹ̀wé ti ń pè láti gba iṣẹ́, mo tún gbé ojú ewé náà wò. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ti sọ fún àwọn akọ̀ròyìn rí pé ọ̀gá wa òkè ló fẹ́ kí àwọn méjèèjì ṣe ìgbéyàwó. Irọ́ ni. Ọ̀gá wa kì í tilẹ̀ ka ìwé náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìtàn Corinne dára ju tèmi lọ, ó sì ta mí lára. Ìyàwó mi ti kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ́dún yẹn. Òòfà ni ọkùnrin tí kò ní láti bẹ obìnrin, tí wọ́n máa ń wá bá fúnra wọn, mo sì ti fi ara mi sípò rẹ̀ tipẹ́. Bí Corinne bá sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀, èmi ló sọ di ẹlẹ́ṣẹ̀. Ohun tí mo rò nìyẹn, èmi àgbàlagbà ọkùnrin, nídìí ìwé tí àwọn ọmọdé ń rà. Mo gbé ojú ewé náà lọ bá Gus.

"Pa rárá yẹn rẹ́. Kọ òmíràn sórí bébà, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìkùukùu ni kó o ṣe o, má ṣe àpò ọ̀rọ̀."

"Ìkùukùu kẹ̀? Ọmọ náà la ẹnu, Milt. Ó ń sọ̀rọ̀."

"Ó ń ronú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìwà ìkà mi wà. Bí mo bá fi ìfẹ́ sí i lẹ́nu, òǹkàwé tó gbọ́n á sọ pé agbára Òòfà ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àwòrán, ìkùukùu kì í purọ́. Gbogbo òǹkàwé ló gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ìkùukùu ni òtítọ́ inú ẹni náà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, tí kò sì sẹ́ni tó fi ipá mú un rò ó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni mo fi lò ó. Mo kọ ọ́ fún Gus pé: "Ó PẸ́ TÍ MO TI Ń DÚRÓ DE ÈYÍ! Ẹnu mi ló ń ṣe agídí, ỌKÀN MI ti gbà!"

Gus kọ ọ́, ó gé e, ó gbé e lé àwòrán náà. "Milt, ó bo ọwọ́ ọmọ náà mọ́lẹ̀ o. Ọwọ́ tó fi ń tì í."

"Jẹ́ kó bò ó."

"Ìka méjì ṣì ń yọ."

"Fẹ̀ ẹ́ sí i."

"Corinne á pa wá."

"Corinne kò ní rí i títí yóò fi jáde. Lẹ̀ ẹ́, jàre."

Gus yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó ti kú báyìí, mi ò sì ní fi ẹ̀bi kan òun, nítorí iṣẹ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ ló jẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe bí ẹni pé mi ò kíyè sí ọwọ́ kankan. Mo rí i. Mo rí ìka méjì tó yọ, mo ní kí wọ́n bò wọ́n.

Ìwé náà tà wàràwàrà. Àwọn òǹkàwé ní a kò ṣe irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Corinne wọ ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, kò jókòó.

"O ṣèlérí fún mi."

"Ìwé àwòrán lásán ni, Corinne."

"Ká ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lo yí, ì bá sàn. Èèyàn lè fi ipá mú ẹnu. Inú rẹ̀ lo wọ̀ lọ, o lọ bá a gbà níbẹ̀. Ibo lo wá fẹ́ kó sá sí?"

Mo sọ fún un pé tí kò bá fẹ́ ya ìwé náà mọ́, àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀. Mo mọ̀ pé owó oògùn ìyá rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó padà sídìí iṣẹ́. Ó ya ìgbéyàwó wọn, ó ya ilé wọn, ó ya ọmọ tí wọ́n bí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àwọn ìwé náà nílé, kó lọ wò ó: láti ọjọ́ náà, Corinne kò ya ojú Àwòdì níbi tó ti ń wo ọkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó máa rí, tàbí kó máa wo ìta látojú fèrèsé. Yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, èmi àti Gus nìkan ló mọ ìdí rẹ̀, àwa méjèèjì kò sì sọ nǹkan.

Mo ti ń fa ọ̀rọ̀ gùn nítorí pé mi ò fẹ́ dé ibi tó kàn yìí. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọ́n ṣe àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìwé àwòrán ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia. Èmi àti Corinne jókòó níwájú, omi àti ẹ̀rọ agbóhùn wà lórí tábìlì, gbọ̀ngán náà kún fọ́fọ́. Wọ́n ń bi wá ní àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá, ta ló lágbára jù, ta ló yára jù. Ọmọbìnrin kan wá dìde láàrin, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ, ó di ìwé wa mú.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá bá yín jà o," ló wí fún Corinne. "Ọkùnrin kan fi nǹkan sí ohun tí mò ń mu níléèwé. Ara mi ń tẹ̀ lé e lọ, èmi ò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìgbà náà ló ń sọ fún gbogbo èèyàn pé nínú mi lọ́hùn-ún, mo fẹ́ ẹ. Ìwé yín ni mò ń kà nígbà yẹn. Mo ṣí i, mo rí Àwòdì tó ń rò ó lọ́kàn gẹ́lẹ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe sọ. Mo wá ń rò ó pé bóyá ó mọ inú mi jù mí lọ. Mà, obìnrin bíi tèmi ni yín. Kí ló dé tí ẹ yà á bẹ́ẹ̀?"

Corinne yí ojú sí mi, ó ń dúró. Kò bínú, kò bẹ̀bẹ̀. Ó sáà fún mi láyè kí n sọ ọ́ fúnra mi. Èmi ni, kì í ṣe òun. Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ kò ju ìyẹn lọ, ẹ̀rọ agbóhùn sì wà níwájú mi. Mo fà á mọ́ra, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ tí mo máa ń lò fún àwọn òǹkàwé sọ pé: "Àbúrò, bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé àwòrán ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Ohun tí mo bá rí nínú àwòrán Corinne ni mò ń kọ. Obìnrin ni, ó mọ inú obìnrin jù mí lọ."

Ẹ wo bó ṣe dán mọ́rán. Tí ẹ bá mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ẹ ò lè fi bẹ́ẹ̀ mú mi nírọ́. Mo mọ iṣẹ́ mi. Ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn, "Ẹ̀yin obìnrin náà lẹ ń ta obìnrin ẹgbẹ́ yín!" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé Corinne lórí. Ọmọbìnrin náà jókòó, ó fi ìwé náà bojú. Corinne dé ìdérí pẹ́ẹ̀nì rẹ̀, ó dìde, ó gba ẹ̀yìn àga mi kọjá, ó sì jáde. Mo tún dáhùn ìbéèrè lẹ́yìn tó lọ. Mo tún ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Corinne kò ya ìwé àwòrán mọ́ láyé rẹ̀. Ó kó lọ sí Ohio, ó ń ya tòmátò àti òdòdó sára àpò irúgbìn fún àwọn tó ń ta á. Àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa rẹ̀ pé ó ta obìnrin bíi tirẹ̀ fún àwọn ọkùnrin tó ń san owó rẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí léèrè, màá mí kanlẹ̀, màá ní ẹ má dá a lẹ́bi jù, bí ayé ṣe rí nígbà yẹn ni. Wọ́n á ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Ó ń rẹ̀ mí láti ka ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yìí, ẹ foríjì mí kí n sinmi díẹ̀.

Nígbà tí ewé ń rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan láti Delaware, tó ti ra ojú ewé gan-an tí Corinne fọwọ́ yà, gbé e wá bá mi nílé àwọn arúgbó tí mò ń gbé ní New Jersey, pé kí n fọwọ́ sí i. Bó ṣe yọ ọ́ nínú gíláàsì, gọ́ọ̀mù Gus tó ti gbẹ ṣí, ìkùukùu náà já bọ́ sórí itan mi. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Bàbá, ọwọ́ wà lábẹ́ rẹ̀! Ó ń tì í dànù! Ṣé ẹ mọ̀?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, rọ́bà wà nímú mi, ikú ń bọ̀, mo tún purọ́. Ẹ̀rù ara mi bà mí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àwọn atẹ̀wé wá béèrè ọ̀rọ̀ ìṣáájú, mo wá nọ́ńbà Corinne rí, mo pè é.

"Ta nìyẹn?"

"Milton Drozd ni."

"O ò tíì kú?"

"Ó kù díẹ̀."

"Kí lo wá fẹ́?"

Mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀, pé mo fẹ́ kọ òtítọ́ sí i, pé èmi ni mo ṣe é. Mo gbọ́ tí ajá kan ń gbó lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní kó pa ẹnu mọ́.

"Kọ ọ́. Ohun tí o ṣe ni kí o kọ. Má kọ bó ṣe rí lára mi o, nítorí o ò mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n sì yọ bébà yẹn kúrò."

"Mo gbọ́. Corinne, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí."

Mo gbọ́ tí ajá náà tún gbó lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé ò ń dúró kí n sọ nǹkan ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ti gbọ́ ohun tí o wí," ló sọ, ó sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Ohun tó sọ nìyẹn, mi ò ní fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ ìtàn akọni báyìí, agbára tó ń fa ọkàn èèyàn kò ní tán nínú ìwé yín, ó máa ń tà. Mo bẹ̀ yín, bí ẹni tí ẹ dá sílẹ̀ bá la ẹnu láti kọ̀, ẹ má ṣe wọ inú rẹ̀ lọ gbà fún un. Àwọn tó ń kà yín ní ara gidi, àwọn kan nínú wọn sì ń wá ohun tí wọ́n fẹ́ gbàgbọ́ nípa ara wọn nínú ìwé yín. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dìde sọ ọ́ lójú mi, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ mú un jókòó.

Lẹ́yìn àríyànjiyàn púpọ̀, àwọn atẹ̀wé gbà láti tẹ ojú ewé tó gbẹ̀yìn bí Corinne ṣe yà á, pẹ̀lú ọwọ́ náà. Ìwọ ọmọbìnrin tó dìde ní Philadelphia, mi ò mọ orúkọ rẹ, mi ò tilẹ̀ béèrè. Mo bẹ̀ ọ́, bí o bá ṣì wà láyé, bí ìwé yìí bá kàn ọ́ lọ́wọ́, lọ ṣí ojú ewé yẹn. Ọkùnrin tó sọ fún ọ pé òun mọ inú rẹ, irọ́ ló pa. Èmi tí mo gbè é lẹ́sẹ̀, irọ́ ni mo pa. Àwòdì kò ronú bẹ́ẹ̀ rí. Rárá ló sọ.